Òṣùká Àtàndá

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ọrùn Lágúnjú ṣe jẹ́ gan-an, torí mo gbọ́ pé wọ́n tún ti ń sọ ọ́ lódìlódì. Àwọn kan ní ó sùn wọ́ ni. Àwọn kan ní atẹ́gùn burúkú ló fẹ́ lù ú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Sábó ni, níbi tí tírélà ẹ̀wà àti ti àlùbọ́sà máa ń já ẹrù sí. Ìgbà yẹn, epo mọ́tò wọ́n, ọkọ̀ Òkè Ọya ò wọlé déédéé mọ́. Tí ọ̀kan bá wọlé lónìí, ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òmíì tó dé. Àwọn alábàárù wá pọ̀ ju ẹrù lọ. Ọ̀gá wọn ló máa ń nawọ́ sí àwọn tó máa já ọkọ̀: ìwọ, ìwọ, ìwọ yẹn. Ẹni tí ọwọ́ ò bá nà sí, á lọ sílé lọ máa wo ojú ìyàwó ẹ̀.

Ọ̀gá náà ni Àtàndá, ọmọ Ìrẹmọ, ọkùnrin gìrìwò tí ẹ̀rín ò jìnnà sí ẹnu ẹ̀. Ẹni tó sì mú un wọ iṣẹ́ náà ni Lágúnjú, ọmọ Ẹdẹ. Lágúnjú ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká òṣùká, bí wọ́n ṣe ń fi orúnkún gba ẹrù kí ẹ̀yìn má baà kán. Àmọ́ nígbà tí ọ̀gá àtijọ́, Bàbá Adéagbo, kú sójú oorun, Àtàndá làwọn alábàárù ní àwọn fẹ́. Wọ́n ní Lágúnjú máa ń kanra jù. Lágúnjú rẹ́rìn-ín, ó ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn. Ó sì gun orí ọkọ̀ padà síbi iṣẹ́ ẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn ṣá: òun ló ń dúró lókè, tó ń gbé àpò ru àwọn tó wà nílẹ̀. Ẹni ilẹ̀ kì í rí ẹrù o. Á kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, á wojú iwájú, á dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní òfin kan tẹ́nìkan ò gbọdọ̀ rú. Ẹni òkè á ní, "Orí ńkọ́?" Ẹni ilẹ̀ á ní, "Orí ń bẹ." Tí o ò bá tíì gbọ́ "Orí ń bẹ," o ò gbọdọ̀ tú ọwọ́ sílẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé apá ẹ fẹ́ já.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

*

Ọ̀sán gangan ni Lágúnjú dé Ìpetumodù, ìgbà tí òjìji èèyàn máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Arúgbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Abógúnrìn. Ìkòkò ló ń mọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fún ìkòkò, á ra ìkòkò, á lọ. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n fún nǹkan míì kì í bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Ó ń fi ọwọ́ ra ẹnu ìkòkò tútù kan nígbà tí Lágúnjú jókòó. Kò gbójú sókè.

"Ta ni?"

Lágúnjú dárúkọ Àtàndá. Bó ṣe dárúkọ ẹ̀ báyìí, ọrùn ìkòkò yẹn tẹ̀ wọlé jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan tí wọn ò rí fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà wò ó. Ó wo Lágúnjú.

"Ṣé kó kú ni?"

"Rárá o, Ìyá. Kó má kú. Kó kàn má lè ru ẹrù mọ́."

"Ṣé ó níṣẹ́ míì?"

"Kò ní."

"Kí lo wá ní kó má kú sí?"

Ìyá náà dìde, ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nǹkan tó mú jáde ò ju ekùrọ́ lọ, ewé gbígbẹ ló fi dì í, òwú dúdú ló fi so ó.

"Rán an sínú òṣùká ẹ̀. Kò mọ orúkọ, orí ló mọ̀. Orí tó bá kọ́kọ́ gbé ẹrù lórí ẹ̀, ó ti mú un nìyẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, kó o ti gbé òṣùká yẹn wá fún mi. Tó bá fi lè gba orí kejì, má wá bi mí ní nǹkan kan."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Na ọwọ́ ẹ kí n rí i."

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ìyá náà wò wọ́n, bí ìgbà téèyàn ń wo amọ̀ bóyá ó máa gba iná.

"Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n."

"Ebi ni, Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Ìyá Abógúnrìn wí. "Ebi ni."

*

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, gbogbo alábàárù tó jẹ́ mùsùlùmí máa ń kó òṣùká wọn sí ṣọ́ọ̀bù Ràbíátù tó ń ta ẹ̀wà, kí wọ́n tó lọ kírun. Lágúnjú náà máa ń lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó ní inú ń run òun.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Àtàndá sọ fún un. "Màá bá ẹ tọrọ àlàáfíà."

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí. Ẹni tó lọ bá a tọrọ àlàáfíà nìyẹn.

Òṣùká Àtàndá ò ṣòro láti mọ̀. Àkísà ìró ìyá ẹ̀ tó ti dolóògbé ló ká sínú ẹ̀, awọ ewúrẹ́ ló fi bò ó. Lágúnjú tú ojú rírán ẹ̀ níwọ̀nba, ó ti nǹkan yẹn wọlé, ó rán an padà. Ohùn lèmọ́mù ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, ẹnu Lágúnjú ṣe àmín fúnra ẹ̀, abẹ́rẹ́ sì gún un ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí awọ. Ó fi itọ́ nù ún, nù ún, àmọ́ ó ku díẹ̀ tí ò kúrò.

*

Fàrídà ni ìyàwó Àtàndá. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tí ojú ẹ̀ máa ń rí nǹkan.

Nílé wọn ní Ìrẹmọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Àtàndá máa ń fi òṣùká ẹ̀ kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Fàrídà bá a nílẹ̀. Ó ní bóyá atẹ́gùn ni. Ó gbé e kọ́ padà. Ó lọ pọnmi dé, ó tún bá a nílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí èèrà ti yí i ká, wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Èèrà o, tí kì í rí awọ kó má jẹ ẹ́. Wọ́n kàn ń yí i po ni, ọ̀kan ò gùn ún.

"Àtàndá, ta ló fọwọ́ kan òṣùká ẹ?"

"Ta ló máa fọwọ́ kan àkísà?" Àtàndá ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wà ló ń rùn lára ẹ̀, èèrà fẹ́ jẹ ẹ̀wà."

"Tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ̀wà, wọn ì bá jẹ ẹ́."

Ó kúrò níbẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Áfáà Abdulrahman lọ ní Sábó. Áfáà ti darúgbó, ojú ẹ̀ kan ti fọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán, ó ń ka tẹ̀súbáà. Ó wá ní:

"Ṣé ọkọ ẹ ní ọ̀tá?"

"Kò ní, Áfáà. Gbogbo èèyàn ló ń bá a ṣeré."

"Ẹni tí gbogbo èèyàn ń bá ṣeré, kò lè mọ èyí tí kì í ṣeré nínú wọn. Lọ gbé e wá. Má sọ fún un. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Fàrídà fi òṣùká náà pamọ́ sábẹ́ ìborùn ẹ̀, ó gbé e lọ. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn padà. Àtàndá ò mọ̀ pé ó kúrò nílé.

*

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni tírélà ẹ̀wà dé láti Kánò. Inú gbogbo wọn dùn. Àtàndá nawọ́ sí àwọn tó máa ṣiṣẹ́, ó nawọ́ sí Lágúnjú ṣáájú, bó ṣe máa ń ṣe. Lágúnjú gun òkè. Wọ́n tú tapólì.

Àṣà wọn ni pé ọ̀gá ló máa ń ru àpò àkọ́kọ́. Àtàndá kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó gbé òṣùká lérí. Àbúrò ẹ̀, Adédàmọ́lá, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, orí yín yìí, ẹ̀ bá kúkú gbé ọkọ̀ náà lódindi, ká lè tètè lọ sílé."

Àtàndá bú sẹ́rìn-ín. Ní òdìkejì ojú ọ̀nà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ń ké gan-an.

Lókè, Lágúnjú ti fa àpò dé etí ọkọ̀. Ó rí òṣùká yẹn lórí Àtàndá. Ó rí ipa ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ lórí awọ. Lójú ẹ̀, ó dà bíi pé òṣùká yẹn ń mí: ó wú, ó rọ̀, ó wú, ó rọ̀. Ọkàn ẹ̀ ní kó sọ̀rọ̀. Ó ní, sọ̀rọ̀ báyìí, sọ fún un pé kó bọ́ ọ nù, kò tíì pẹ́ jù. Ẹnu ẹ̀ là. Nǹkan tó jáde ni:

"Orí ńkọ́?"

Àpò náà balẹ̀. Kò balẹ̀ sórí o, ọrùn ló bà. Gbogbo wa gbọ́ nǹkan tó dún. Àtàndá wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn, àpò sì wà lórí ẹ̀yìn ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò lábẹ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ là, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ gbé ẹsẹ̀ mi wálẹ̀." Ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nílẹ̀ o. Òun ni kò mọ̀.

*

Ọkọ̀ kékeré kan gbé Àtàndá lọ sí ọsibítù, Lágúnjú sì bọ́ sílẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń wá. Ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ẹsẹ̀ kan ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àjíṣafẹ́ ni, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn alábàárù, tí kì í ru ẹrù mọ́, tó jẹ́ pé ó kàn máa ń jókòó tì wọ́n.

"Níbo lò ń gbé e lọ?"

"Mo fẹ́ gbé e fún ìyàwó ẹ̀, Bàbá."

"Ní Ẹdẹ tiyín nìyẹn. Ìwọ ò bá ọ̀gá tó ṣubú pàdé níbí rí. Èmi bá a pàdé." Àjíṣafẹ́ tọ́ka sí àpò ẹ̀wà yẹn. "Ẹrù tó gbé ọ̀gá ṣubú kì í sùn nílẹ̀. Ẹni tó bá kàn lẹ́yìn ọ̀gá ló máa rù ú wọlé, òṣùká ẹni tó ṣubú ló sì máa fi rù ú. Ẹni tó bá rù ú, òun lọ̀gá títí ẹni yẹn fi máa dìde."

Gbogbo ojú yí sí Lágúnjú. Nǹkan tó ti ń wá láti ìgbà tí Bàbá Adéagbo ti kú, òun ni wọ́n nà sí i yìí, àtòun àtòṣùká.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ara mi ò tíì balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Kì í dọ̀la," ni Àjíṣafẹ́ wí.

Ẹnìkan sọ lẹ́yìn pé, "Ẹ̀rù ń bà á."

Adédàmọ́lá ti ń sunkún látìgbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òṣùká náà, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀. "Tí Bùọ̀dá Lágúnjú ò bá lè rù ú, èmi á rù ú. Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó ti gbé e dé iwájú orí.

Ẹ wò ó, gbogbo nǹkan tí Lágúnjú ti ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ lè sọ pé owú ni. Àmọ́ níbi yìí, ó ní ọ̀nà kan láti sọ̀rọ̀, ó sì ní ọ̀nà kan láti dákẹ́. Ó wá ọ̀nà kẹta. Ó já òṣùká náà gbà mọ́ ọmọ yẹn lọ́wọ́, ó gbé e lérí ara ẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀.

Ẹlòmíì gun òkè. "Orí ńkọ́?"

Wọ́n dúró. Wọ́n tún bi í.

"Orí ń bẹ," ni Lágúnjú wí, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń kú lọ.

Ó ru àpò yẹn dé inú ṣọ́ọ̀bù. Kò ṣubú. Kò tiẹ̀ kọsẹ̀. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá. Ràbíátù pè é láti ẹ̀yìn, ó fẹ́ fún un lómi. Lágúnjú fẹ́ yí ọrùn dá a lóhùn. Ọrùn ò yí.

*

Oògùn wo ni ò lò? Ó fi òrí pa á, ó fi omi gbígbóná jó o. Wọ́n fa ọrùn yẹn fún un títí omijé fi bọ́. Tó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ló gbọ́dọ̀ yí bí ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá pè é lẹ́yìn, á kọ́kọ́ dúró, á wá yípo díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ìgbà tó lọ kí Àtàndá, tí wọ́n ti gbé padà wá sí Ìrẹmọ. Àtàndá wà lórí ẹní, apá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìdí dé ilẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ó rí Lágúnjú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá mi dé. Jọ̀ọ́, má dá ara ẹ lẹ́bi o. Mo ti sọ fún gbogbo wọn. Adédàmọ́lá ló pa mí lẹ́rìn-ín, bóyá mi ò dáhùn dáadáa. Àbí mo dáhùn, Lágúnjú? Mo máa ń dùbúlẹ̀ síbí, màá máa rò ó. Ṣé mo dáhùn?"

"Ẹ̀rọ ata ń ké," ni Lágúnjú wí. "Mi ò gbọ́."

Fàrídà gbé omi wá fún un. Ọrùn Lágúnjú ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì Lágúnjú gbé òṣùká náà lọ sí Ìpetumodù. Ọ̀sán gangan náà ni. Ó ti gbàgbé pé Ìyá Abógúnrìn ní kó má wá bi òun ní nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ó ti gba orí kejì. Orí mi ni. Ẹ gbà mí."

Ìyá náà gbé òṣùká sórí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sókè sódò, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó wá gbé e sílẹ̀ kíákíá bí ẹni gbé iná.

"Nǹkan tèmi ò sí nínú èyí."

"Ìyá, ọwọ́ mi ni mo fi rán an."

"Wọ́n ti yọ ọ́. Nǹkan míì ló wà níbẹ̀, nǹkan tí wọ́n fi gègé kọ. Èmi ò mọ ìdí ẹ̀. Ìgbà wo lo rán tèmi sí i?"

"Jímọ́ọ̀."

"Ìgbà wo ló ṣubú?"

"Mọ́ńdè."

"Ó ti kúrò níbẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn nìyẹn. Tó bá wà níbẹ̀ ni, ìwọ tó o fi ru ẹrù ì bá ti wà lórí ẹní báyìí." Ìyá náà padà sídìí amọ̀ ẹ̀. "Oògùn kọ́ ló gbé ọkùnrin yẹn ṣubú."

"Kí wá ni, Ìyá?"

Ó kàn ń wo ọwọ́ Lágúnjú tó wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀. Wọ́n ṣì ń gbọ̀n.

*

Bí Lágúnjú ṣe kúrò ní Ìpetumodù, Ìrẹmọ ló gbà lọ tààrà. Fàrídà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àpótí ìjókòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òfìfo.

"Jókòó," ni Fàrídà wí. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbé àpótí yìí síta láràárọ̀. Áfáà ní ẹni náà á fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá. Ó ní nǹkan tí òun fi sínú òṣùká yẹn, lórí ẹni tí ò mọ nǹkan, àkísà lásán ni. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá gbé e lérí, iwájú nìkan ni ọrùn ẹ̀ á máa wò títí á fi dé ọ̀dọ̀ wa." Ó fi ìborùn nu ojú. "Gbogbo ẹni tó wá kí i ni mò ń wo ọrùn ẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ ìwọ."

Lágúnjú ò jókòó. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹní Àtàndá. Bí ọrùn ẹ̀ ṣe gan, iwájú orí ẹ̀ ló gbá ilẹ̀. Ó sọ gbogbo ẹ̀, Ìpetumodù, abẹ́rẹ́, inú rírun irọ́.

Nígbà tó parí, Àtàndá ní, "Fàrídà ti yọ ìyẹn kí n tó rù ú. Mo ti gbọ́ ti oògùn. Nǹkan kan ni mò ń bi ẹ́ látọjọ́ yìí. Ṣé mo dáhùn?"

Lágúnjú ò gbé orí kúrò nílẹ̀.

"O ò dáhùn. Òṣùká ni mò ń wò. Mi ò dúró. Mo tú ọwọ́."

Àtàndá ò bínú, kò bú u. Ó gbé ojú sí àjà, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù orí ẹ̀ kalẹ̀. "Èmi ni mo rò pé mo ṣe ara mi," ni gbogbo ohun tó sọ. Ìgbà yẹn ni omijé wá bọ́ lójú ẹ̀.

Ọrùn Lágúnjú rọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, lápá òsì. Lápá ọ̀tún, kò rọ̀. Fàrídà lọ bi Áfáà. Áfáà ní ibi tí òun lè dé nìyẹn, èyí tó kù wà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ Àtàndá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Lágúnjú ní òun ò ṣe ọ̀gá mọ́, Adédàmọ́lá ni wọ́n fi ṣe é ní Sábó. Lágúnjú ò gun orí ọkọ̀ mọ́. Àmọ́ láràárọ̀ ó máa ń lọ sí Ìrẹmọ kó tó lọ síbi kankan. Á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Àtàndá, á ki apá bọ̀ ọ́ lábíyá láti gbé e dìde, kó lè fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ á rántí. Kò ní tíì gbé e o. Á kọ́kọ́ bi í.

"Orí ńkọ́?"

Á wá dúró. Apá ẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á máa bọ́, kò ní mira. Ọjọ́ míì, Àtàndá á tètè dáhùn. Ọjọ́ míì, á kàn dákẹ́.